Balógun Kò Yí sí Òsì

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá 2025

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé lónìí tí mo dé Festac. Ẹni tó mọ̀ mí: Àǹtí Bernice, ẹ̀gbọ́n màámi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, tó ń pè mí ní Lọlá. Láídé lorúkọ mi. Mi ò tíì lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n nǹkan ṣẹlẹ̀! Wọ́n fi mí sínú gúrúùpù Wasaapu kan, “Ọmọ Odi”. Tolú ló fi mí sí i, ọmọ kíláàsì wa tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ó rí fọ́tò Ezra Akínyẹmí lójú fóònù mi, ló bá figbe ta. Gbogbo wọn ló ń wo “Odi Àrán” — eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìlú kan láyé ogun, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ezra ló ń ṣe Balógun. Wọ́n ní ọmọ Festac ni. Àwọn kan ní 7th Avenue ló ti dàgbà, àwọn kan ní irọ́ ni, Satellite Town ni. Wọ́n fi ọgọ́ta mẹ́sẹ́ẹ̀jì jà lórí ìyẹn nìkan. Mo kà á tán pátá. Mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ṣínà, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa, wà nínú gúrúùpù yẹn. Mo ti sọ ọ́ ní Adájọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá lẹ́jọ́. Ó ní Ezra kò mọ eré ṣe, irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Tolú bú u títí di ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú kíláàsì, gbogbo wọn yíjú wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo rí nǹkan. Mo rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rí!

Apá kẹfà eré náà. Èmi nìkan ni mo wà ní pálọ̀, Àǹtí ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Balógun ti ogun dé, ó wọ ààfin, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Ó yí sí ọ̀tún. Mo ń retí kó yí sí òsì. Kò yí. Ó dìde.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i lórí fóònù. Ọ̀tún nìkan.

Nílé, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, Bàbá àgbà máa ń mú mi lọ sí ààfin bí ọdún bá dé. Mo mọ bí àwọn ìjòyè ibẹ̀ ṣe ń kí ọba. Àyà á kan ilẹ̀, wọ́n á yí sí ọ̀tún, wọ́n á yí sí òsì. Ìjòyè kan fo òsì lọ́dún kan báyìí — gbogbo ààfin ń wojú ara wọn. Bàbá àgbà ní ìkíni rẹ̀ kò pé, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ọba.

Balógun fẹ́ dìtẹ̀!

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Mo fi ránṣẹ́, mo sì ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé ó fẹ́ bú gbàmù.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mẹ́sẹ́ẹ̀jì igba ó lé díẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ mi!

Tolú gbá mi mọ́ra níwájú ilé ìkàwé. Ó ní níbo ni mo ti ń sá pamọ́ látọjọ́ yìí. Adájọ́ pàápàá wá jókòó tì mí. Ó ní ojú làwọn ń wò, èmi ń wo ẹ̀gbẹ́. Òun ló sọ mí ní Ìyá Ààfin, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo wọn ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa wá wò ó pẹ̀lú àwọn nílé Tolú, ní Amuwo.

Èèyàn mẹ́rin ni mo bá jẹun lónìí. Mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Gúrúùpù kan n'Íbàdàn ti gbé ọ̀rọ̀ mi. Tolú ti sọ ọ́ fún gbogbo ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ṣínà ní bí Balógun kò bá dìtẹ̀ ní apá kẹjọ, tó jẹ́ ìkẹyìn, òun á ró ìró wá sí kíláàsì.

Mò ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Kí n rọra kọ ọ́.

Àǹtí ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún Màmá Charles, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n — “Odi Àrán”, apá kẹfà, wọ́n ń tún un fi hàn. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tó kan ibi ìdọ̀bálẹ̀, Màmá di èjìká òsì ara rẹ̀ mú.

Ó ní, “Èjìká yẹn náà ni. Kò jẹ́ kó yí.”

Mo bi í pé èjìká ta ni. Ó fọwọ́ tọ́ka sára ògiri. Fọ́tò ọmọkùnrin méjì. Àgbà ni Charles, tí wọ́n fi ń pe Màmá. Wọ́n fi aṣọ funfun gbé apá òsì àbúrò kọ́rùn. Ojú yẹn. Ojú Balógun.

Ezra. Ọmọ Màmá Charles. Nílé tí mò ń gbé!

Màmá ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó já bọ́ láti orí tánkì omi ẹ̀yìnkùlé wa. Eegun èjìká rẹ̀ kò tò dáadáa. Títí dòní kì í lè fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ó bẹ olùdarí eré pé kí òun yí sí ọ̀tún nìkan, ta ló máa mọ̀. Màmá ti gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ pé kò ní fi èjìká náà ṣeré.

Kí n tó dìde, ó mú mi lọ́wọ́. “Láídé, jọ̀ọ́, má gbé e jáde. Bí àwọn tó ń gbà á síṣẹ́ bá gbọ́ pé apá rẹ̀ ò dá, wọn ò ní jẹ́ kó gẹṣin mọ́. Ipa jagunjagun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.”

Mo ṣèlérí fún un.

Mo bi Àǹtí pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé ìyá Ezra nìyẹn. Ó ní ṣé mo bi òun ni? Màmá Charles lòun mọ̀ ọ́n sí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Apá keje, nílé Tolú. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n kí “Ìyá Ààfin” lẹ́ẹ̀kan náà. Balógun bá àwọn jagunjagun rẹ̀ ṣèpàdé ìkọ̀kọ̀, pálọ̀ fẹ́ wó. Tolú ń jó lórí àga. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èjìká ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Wàhálà. Ṣínà ti ń gé fídíò jọ láti apá kìíní. Gbogbo ibi tí Balógun ti lo apá òsì. Ó ní ó mà ṣọ̀wọ́n o — ọ̀tún ló fi ń di idà mú, ọ̀tún ló fi ń gbé ife, ọ̀tún ló fi ń fa ìjánu ẹṣin. Ó ní àmì ọ̀tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀la kọ́, ọ̀tunla ló fẹ́ gbé e síta fún gbogbo ayé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní làákàyè á rí i pé kì í ṣe ọ̀tẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ wọn láti máa wo ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ́. Níbi tí a ti ń jẹ míìtì páì. Mo ní àṣìṣe ni mo ṣe, Balógun ò dìtẹ̀ kankan, kí Ṣínà jọ̀ọ́ má gbé fídíò yẹn síta, ó máa kàn fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín ni.

Wọ́n bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà. Mo ní mi ò lè sọ. Ṣínà ní odidi gígí dátà mẹ́ta lòun ti jó sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wò mí pẹ́, ó pa fídíò náà rẹ́ níṣojú mi. Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Tolú ló bínú. “Mo ti pariwo orúkọ ẹ káàkiri Festac, Láídé. O ò tiẹ̀ lè sọ ìdí fún èmi?”

Ó fi míìtì páì rẹ̀ sílẹ̀. Kì í fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo dá jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Ẹnikẹ́ni ò ní kí n wá sí Amuwo. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá Charles, mo fi gúgúrú dání.

Apá kẹjọ. Ọ̀tá ti fọ́ odi. Ìpàdé ìkọ̀kọ̀ yẹn, ọgbọ́n ogun ni! Balógun lé wọn jáde, ó wọ ààfin tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára. Ọba kò mọ̀ bóyá ó wá pa òun ni.

Balógun fi idà sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó yí sí ọ̀tún.

Ó dúró díẹ̀.

Ó yí sí òsì.

Wọ́n jẹ́ ká rí ojú rẹ̀. Ó pa eyín pọ̀. Ẹ̀kán omijé kan ṣoṣo bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Màmá ti dìde nílẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó dìde. “Ó ṣe é,” ó ń wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Mo ní kó má ṣe é, ó ṣì ṣe é.” Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bínú ni àbí ó ń yangàn. Ó di ọwọ́ mi mú, gúgúrú dà sílẹ̀.

Fóònù mi kò sinmi. Wọ́n ń bi ara wọn pé irú eré wo lèyí, ta ló lè ṣe ojú báyẹn. Ṣínà ní òun tọrọ àforíjì, kì í ṣe irùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́: “Ìyá Ààfin, ìwọ lo kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wò ó. Kí lo rí?”

Wọ́n ń dúró dè mí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Ìkíni rẹ̀ pé.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí Tolú pè. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀ wá bá mi jẹun lọ́la, àti pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún òun bí mo ṣe mọ̀ pé kò ní dìtẹ̀.

Mo ní kó máa bọ̀. A máa jẹun dáadáa. Ìyẹn nìkan ni mi ò ní sọ.