Sí Misbaudeen, Nípa Ẹ̀kọ́ Kọ́mà Tí Mò Ń Kọ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.

Misbaudeen ọmọ mi, Àjàní,

Àlàáfíà fún ìwọ, ìyàwó rẹ àti Bushrah ọmọ yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera ní Àbújá, bí ó ṣe fi èmi náà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé Àkíbù, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, pè ọ́ nípa mi, pé o sì ti ń wá dókítà tí yóò yẹ orí mi wò. Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe òótọ́ pé mo padà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, tí mo sì wọ yunifọ́ọ̀mù. Aṣọ búlúù tí Àkíbù rí lára mi, Gbági ni mo ti rà á, bùbá ni mo sì fi rán. Kì í ṣe òótọ́ pé mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Olùkọ́ mi ni mò ń kí. Kò sì sí òótọ́ nínú pé mo kó adìyẹ wọ yàrá nítorí pé iyè mi ti rá. Adìyẹ kan ṣoṣo ni, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí Bushrah wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ó gbé iṣẹ́ gírámà Òyìnbó dání, gbólóhùn mẹ́wàá tí a gbọ́dọ̀ fi àmì ìdánudúró díẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́mà, sí àyè rẹ̀. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní kí ó sún sẹ́yìn, kí n fi hàn án bí a ṣe ń ṣe é, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo gba mẹ́rin. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí ó tó padà sọ́dọ̀ yín, mo ní kí ó fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù tèmi.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé àdéhùn kan wá, wọ́n ní kí n tẹ bọ́tìnì pé mo gbà. Bushrah ní kò sí ẹni tí ń kà á. Mo sọ fún un pé n kì í fọwọ́ sí ohun tí n kò kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á, mo sì gbà, àfi ìpín kẹsàn-án, tí mo kọ èsì tèmi sí inú ìwé, tí mo sì fi pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò bèèrè.

Nípa olùkọ́ náà, n kò tíì rí irú rẹ̀. Bí mo bá ti tẹ ìdáhùn tán ni ó ti máàkì rẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan, débi pé mò ń ro ìgbà tí ó ń jẹun. Nítorí náà ni mo ṣe ń kí i kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Sìdí, aládùúgbò wa tí ń ta ọṣẹ, sọ pé mo ti fẹ́ ọkọ sínú fóònù. Mo dá a lóhùn pé ọkọ tí kì í bèèrè oúnjẹ, kò yẹ kí ènìyàn tètè kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo kọ lẹ́tà ìtọrọ-àyè, mo gbé e síwájú fóònù kí ó lè rí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ̀wé sí mi pé àárò mi ń sọ òun. Ẹlòmíràn kò kọ̀wé. N kò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni wí. Mo lọ sí Ọjà'ba, mo ra abo adìyẹ fún un, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí máa ń ṣe fún wa ní òpin ọdún, nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ níyì. Jọ̀wọ́, bá mi wádìí ibi tí ó ń gbé. Àbújá ni ìjọba wà, wọn yóò mọ̀ ọ́n. Kí o ṣe é kíá, nítorí adìyẹ náà ti yé ẹyin mẹ́fà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò sì mọ̀ bóyá ti olùkọ́ ni ẹyin náà tàbí tèmi.

Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, olùkọ́ náà kì í bú mi. Ó ń kọ ọ́ pé ó kù díẹ̀, kí n tún gbìyànjú. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì jókòó. Mo wo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà látòkè délẹ̀, n kò rántí ẹnì kan tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún.

O rántí ọdún tí a mú ọ lọ sí ilé-ìwé gírámà tí àwọn ọmọ ń gbé níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́. O kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí mi pé oúnjẹ kò tó pé àwọn àgbà ń nà ọ́ pé kí n wá mú ọ, kò sí kọ́mà kan níbẹ̀, kò sí ibi tí o ti dánu dúró. Mo mú báírò pupa. Mo tún un ṣe, mo kọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí orí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ padà sí ọ. Láti ìgbà náà, o ń fi owó ránṣẹ́, o sì ń pè mí déédéé, ṣùgbọ́n o kò kọ lẹ́tà sí mi mọ́.

Mò ń gba mẹ́sàn-án báyìí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́tà yẹn kò ní àṣìṣe. Ọmọ tí ń sunkún ni ó kọ ọ́.

Jọ̀wọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ránṣẹ́ fún dátà, nítorí ó ń tán bí mo tilẹ̀ ń fi aṣọ wé fóònù náà dáadáa, àti ẹgbẹ̀rún kan fún ọkà bàbà tí adìyẹ ń jẹ. Bí lẹ́tà yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà fún mi, kí n lè kà á. Bí o bá ti fà á ya, kọ òmíràn, bí ó ti wù kí ó rí. Mo ti kó gbogbo báírò pupa ilé yìí fún Sìdí, ó fi ń kọ iye owó ọṣẹ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí. Kí ó má jẹ́ kí Bushrah ké sí ọ kí o má gbọ́. Kí ó máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, Àjàní mi.

Nípa mẹ́ta tí mo fún ọ, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí o bá wálé ní Iléyá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.