Tábìlì Ẹ̀bá Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Mo lọ jẹun alẹ́ ní Ilé Igi Méjì. Orúkọ tí Yọmí ọmọ mi kọ síwájú ilé oúnjẹ rẹ̀ gan-an, orúkọ Màléṣíà ni, ó ń lọ́ mi láhọ́n. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ ní tèmi. Ṣíbí ni èmi ń bèèrè. Igi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ẹnu ni pákò.

Ilé tó kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba tó kọjá! Gíláàsì yíká, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, mọ́tò Èkó tò lọ bí ẹni pé gómìnà ń bọ̀. Títí di Kérésì, bí o kò bá tẹ̀ wọ́n láago ṣáájú, o kò ní rí àga. Lónìí — tábìlì mẹ́ta péré ló léèyàn. Yọmí ní àwọn tó wálé ọdún ló ti padà síbi iṣẹ́ wọn, pé bẹ́ẹ̀ ni Ṣẹ́rẹ́ máa ń rí. Ó ń sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dáná fún olówó Màléṣíà. Bàbá rẹ̀ kú, kò lè wá sin ín. Èmi ló torí mi padà wálé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ò sì yé pè é. Bí ilé oúnjẹ yìí bá kú, Yọmí á lọ. Bó bá lọ, ta ni yóò sin èmi náà?

Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti rí ohun tí mo lè ṣe. Ẹni tó ń kọjá, gíláàsì ló ń wò. Bí kò bá rí èèyàn nínú ilé, kò ní yà. Láti òní lọ, tábìlì ẹ̀bá fèrèsé ni n ó ti máa jẹun, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ìlú rí mi. Ilé wo ni n kò ti kọ́ ọmọ nínú Ìjẹ̀bú-Òde yìí? Bí wọ́n bá rí Màmá Tíṣà níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ibi gidi ni.

Mo sọ fún Yọmí. Ó ní, ẹ ṣeun, Mọ́mì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé tìmùtìmù sórí àga fún mi.

Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Quadri wọlé. Mo kọ́ ọ ní pírámárì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Òdogbolu báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì tútù yẹn, orí mi wú. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní Rodiat ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun ti ń jókòó? Ó ní wọ́n wà, wọ́n ń kí yín, mà. Ó ní òun àti ọmọbìnrin yìí jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Kí n tó gbé omi mì, wọ́n ti ní kí wọ́n di oúnjẹ àwọn sínú ọ̀rá, wọ́n ti lọ. Ó jọ pé wọ́n ń kánjú.

Àìkú, 19 Ṣẹ́rẹ́

Kò sí èèyàn. Oúnjẹ dùn yùngbà — mo jẹ ẹja tí Yọmí fi gàrí Ìjẹ̀bú bò kó tó dín in, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka mọ́ ọn. Kí ló wá dé tí wọn ò wá?

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wá, wọ́n pọ̀ díẹ̀, ariwo wọn gba ilé. George ọmọ olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wà láàrin wọn. Mo dìde lọ bá wọn, mo gbàdúrà sórí oúnjẹ wọn, mo gbà á sórí iṣẹ́ wọn, mo gbà á fún àwọn tí kò tíì láya nínú wọn. Wọ́n ń ṣe àmín. George rọra ti ìgò kan sábẹ́ tábìlì. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọn ò bèèrè ohun mìíràn, wọ́n lọ.

Orin náà ti pọ̀ jù. Mo ní kí Waris tó ń gbé oúnjẹ dín in kù. Mo sọ fún Yọmí pé bóyá orin yẹn ló ń lé èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ló ní. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ló máa ń sọ sí gbogbo nǹkan.

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Mo pàdé Rufus, olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, tí wọ́n máa ń parí ìpàdé oṣooṣù wọn ní Ilé Igi Méjì. Mo ní kí ló dé tí a ò rí yín mọ́? Ó ń họrí. Ó ní Màmá Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan le. Mo tẹnu mọ́ ọn. Ó wá jẹ́wọ́ pé abẹ́ àtíbàbà ẹlẹ́ja kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni wọ́n ń lọ báyìí. Ó ní ibẹ̀ ni ara ti ń tu àwọn.

Ara ń tù wọ́n! Lórí bẹ́ńṣì! Pẹ̀lú ẹ̀fọn!

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Mo bá Ayman tó ń bá Yọmí dáná jà. Mo ní ata rẹ̀ kò tó, ìrẹsì rẹ̀ ti tutù kó tó dé ẹnu. Irọ́ ni, oúnjẹ náà gbóná. Ó tọrọ àforíjì. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ sunkún — ó mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ. Olúwa, mi ò fẹ́.

Ẹtì, 14 Èrèlé

Ọjọ́ olólùfẹ́ ni wọ́n ń pe òní. Yọmí tan àbẹ́là sórí gbogbo tábìlì, ó fi òdòdó sí i. Mo wọ léèsì tí bàbá rẹ̀ rà fún mi, mo jókòó sí ipò mi.

Wọ́n wá o. Méjì méjì ni wọ́n ń wá, wọ́n á dé ibi gíláàsì, ojú wa á ṣe mẹ́rin. Wọ́n á kúnlẹ̀ lórí títì níta, wọ́n á kí mi. Mo ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n á tún kúnlẹ̀. Wọ́n á lọ. Mo ní ó lè jẹ́ pé owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àbẹ́là jó tán fúnra wọn. Yọmí wá jókòó tì mí, àwa méjèèjì la jẹun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Àìkú, 16 Èrèlé

Ọ̀gá Màléṣíà tún pè. Mo gbọ́ tí Yọmí ń fi èdè wọn dá a lóhùn nínú yàrá. N kò gbọ́ èdè náà. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Ibà. N kò lè dìde.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Ibà ṣì ni. Yọmí sáré gbé ọbẹ̀ wá fún mi, àlùbọ́sà ń rùn lára rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ọjà ti ń gbérí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó kàn ń tù mí nínú ni.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Ara fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní kí n lọ fojú kan ọmọ mi. Kẹ̀kẹ́ já mi sí òdìkejì títì, mo rò pé kì í ṣe ibẹ̀ ni. Mọ́tò tò. Orí èèyàn kún inú gíláàsì. Orin ń dún dé títì. Obìnrin kan jókòó sí tábìlì mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Yọmí fúnra rẹ̀ ń gbé abọ́ kiri, eyín rẹ̀ hàn. Láti Kérésì n kò rí eyín yẹn. Mo kígbe ògo ni fún Ọlọ́run níbi tí mo dúró sí, omijé bọ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Orin ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Waris ni, kò dúró kí n sọ. Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. George ti ìgò sábẹ́ tábìlì. Quadri rí mi, ó yọ ọwọ́ lọ́rùn ọmọbìnrin aláṣọ pupa. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan — ẹ káalẹ́, mà. Ẹ káalẹ́, mà — ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀. Èyí tó wà ní tábìlì mi ti gbé báàgì rẹ̀, ó ní ẹ jókòó, mà. Waris gbé tìmùtìmù wá.

Mo jókòó. Kí n tó jẹun tán, ilé ti ń dá. Kò sẹ́ni tó bínú. Gbogbo wọn ló wá dágbére fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Yọmí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé délé, n kò lè sùn.

Àìkú, 23 Èrèlé

Lẹ́yìn ìsìn, mo bi Matilda léèrè. A jọ ṣe tíṣà pọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ó ní: Rose, ta ló fẹ́ mu bíà níwájú tíṣà tó fi pàṣán nà án? Ta ló fẹ́ mú ọ̀rẹ́bìnrin wá síbi tí wọ́n á ti bi í léèrè ìyàwó ilé? Wọ́n wọlé, ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n fẹ́ jẹun, àdúrà. Ṣé ilé oúnjẹ nìyẹn àbí ṣọ́ọ̀ṣì? Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ìwọ nìkan ni o ò mọ̀.

Èmi ni. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ kí ọmọ mi má baà lọ.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Mo pe Yọmí, mo ní n kò ní wá mọ́, kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó wólẹ̀ síwájú mi. Ó ní ó ti bọ́, Mọ́mì. Òun ti ṣèlérí fún ọ̀gá òun ní Màléṣíà pé òun ń bọ̀ kí n tó ṣàìsàn, òun sì ti fi ilé oúnjẹ náà lé ẹnì kan tó ń jẹ́ Síkírù lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu òun.

Mo ní ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń lé wọn? Ó ní òun mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?

Ó ní, "Mọ́mì, ta ló máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wá jẹun nílé òun? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rí yín níbẹ̀. Ohun tí mo torí ẹ̀ wálé náà nìyẹn."

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an, Rose. Mo kọ́ ọ pé a kì í já àgbà níyàn, ó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ó lọ láàárọ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú yẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ fún un pé lọ́jọ́ mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn rẹ̀, kó sọ ọ́ lójú mi, kó tilẹ̀ bínú sí mi. Àdúrà ni mo gbà. Ó ń ṣe àmín.

Síkírù ti ránṣẹ́ pé Màmá Tíṣà kò ní sanwó láéláé níbẹ̀, pé tábìlì mi wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé ilé ara mi. Ẹni tó bá ń kọjá á dúró, á kúnlẹ̀, á kí mi. Mo dìde, mo fa kọ́tìnì sílẹ̀.