Alàájì Bísíríyù Sàlàkọ́ Kò Gbàgbé

Ẹ̀pẹ́ ni a bí Alàájì Bísíríyù Àjàní Sàlàkọ́ sí ní ọdún 1946, ní agboolé àwọn apẹja tí ojúlé wọn kọjú sí ọ̀sà. Bàbá wọn, Sàlàkọ́ Ìgè, ni ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja lọ sí Ìjẹ̀dé. Ìyá wọn, Àsánátù, ni ó ń yan án. Wọ́n lọ sí ilé-kéwú, wọ́n lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí ìwé girama ní ọdún 1966. Káńsù gbà wọ́n síṣẹ́ akọ̀wé ní ọdún 1971.

Ní ọdún 1972 ni Alàájì gbé Rọ̀kíbátù níyàwó, ọmọ Ìdí-Ọ̀sàn ní ìtòsí Agbọ̀wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ́lé sí. Alàájì máa ń sọ pé ìdí Rọ̀kíbátù ni àwọn kọ́kọ́ rí lójú pópó kí àwọn tó rí ojú rẹ̀. Rọ̀kíbátù kò jiyàn. Ìdí náà ṣì wà. Ó gba àga méjì ní ìlà iwájú níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Alàájì lónìí.

Mùsùlùmí òdodo ni Alàájì. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1998, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú láìgba kọ́bọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò bímọ pàápàá, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí fi ń ti Rọ̀kíbátù lójú. Òun ni ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò yìí, nítorí ọdún márùn-ún gbáko ni ẹnu fi ba ohun tí ẹnu nìkan kò lè tún ṣe.

Alàájì ni olórí ẹ̀ka omi ní káńsù. Ẹ̀rọ tí ń fa omi sínú táńkì Ìdí-Ọ̀sàn ti kú láti ọdún 1994. Láti ọdún 2001 ni káńsù ti ń rán Alàájì lọ sí Àbújá láti bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí ó kọ Ìdí-Ọ̀sàn àti ìlú mọ́kànlá mìíràn létí ọ̀sà sínú ètò omi rẹ̀, kí ó sì fi owó ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ. Wọn á jókòó láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ti ọ́fíìsì, fáìlì lórí itan. Ọ̀gá kan níbẹ̀ tiẹ̀ bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí ọ̀sà, omi wo lẹ tún wá ń tọrọ?” Alàájì ní, “Ọ̀gá, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ wá tọ́ ọ wò.” Bí àwọn ará Àbújá ṣe gbà nìyẹn pé àwọn yóò rán èèyàn wá fojú rí i. Tí wọ́n bá bá ẹnu ẹ̀rọ omi ní gbígbẹ, ọ̀rọ̀ parí, ìlú méjèèjìlá wọlé.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn àlejò dé, Alàájì pe Rọ̀kíbátù lórí fóònù láti Àbújá. “Rọ̀kí, sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má tún nǹkan kan ṣe o. Kí àwọn èèyàn yìí bá wa bí a ṣe wà.”

“Mo ti gbọ́, Alàájì.”

Ó pa fóònù, ó pòṣé. Kí ni ọkùnrin mọ̀ nípa àlejò? Ṣé kí èèyàn ti Àbújá wá, kí ó máa fi abọ́ ṣanwọ́ bí ẹni tó wá kí aláìsàn? Rọ̀kíbátù kò jíṣẹ́ fún ẹnì kankan. Ó kó àwọn obìnrin jọ, ó ní a ó kún táńkì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pọn omi láti odò, tí wọ́n ń gun àkàbà lọ dà á sínú táńkì. Ọláwùmí, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, pọn ju gbogbo wọn lọ. Rọ̀kíbátù gun àkàbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igi kẹta ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọláwùmí ní, “Rọ̀kí, dúró nílẹ̀ jàre, àkàbà kan ṣoṣo la ní.” Ó dúró nílẹ̀, ó fi eérú fọ ẹnu ẹ̀rọ títí ó fi ń dán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù náà, Alàájì kó àwọn àlejò dé. Ọ̀gá wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà gogoro, lọ tààrà sí ìdí ẹ̀rọ, ó yí i. Omi tú jáde, ó rin bàtà rẹ̀ gbingbin. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀, ó gbé ife omi lé orí àwo. “Ẹ mu ún, Màdáàmù, ó mọ́.”

Ọ̀gá náà yíjú. “Alàájì, ṣé èyí tí ẹ ní kò sí nìyí?”

“Wọ́n pọn ọ́n ni, Màdáàmù.”

“Bí wọ́n bá rí i pọn, a jẹ́ pé omi wà.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Alàájì wo Rọ̀kíbátù. Rọ̀kíbátù rò pé wọ́n ń fi òun yangàn ni, ó sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ní oṣù kẹrin, lẹ́tà dé pé Ìdí-Ọ̀sàn ní omi, àti pé owó náà ti gba ibòmíràn lọ. Àwọn ìlú mọ́kànlá tó kù bá a lọ. Káńsù pe ìpàdé. Alága béèrè pé, “Alàájì, ṣé ẹ ò kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín ni?” Ọláwùmí yíjú sẹ́yìn. “Rọ̀kí, ṣé ọkọ ẹ sọ nǹkan kan fún ẹ?” Rọ̀kíbátù, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń bo gbogbo ọjà mọ́lẹ̀, tẹrí ba. Ó ń ka ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Alàájì bá dìde.

“Ẹ má bi í. Èmi ni mo gbàgbé.”

Wọn kò rán Alàájì lọ sí Àbújá mọ́. Ìsọ̀ ọjà ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2006. Ọláwùmí sọ wọ́n ní Alàájì Gbàgbé, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára bí ẹ̀wù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, gbólóhùn kan péré ni Alàájì sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nílé: “Rọ̀kí, èmi á fẹ̀yìn tì ní káńsù, ìwọ àtàwọn obìnrin yẹn lẹ jọ máa gbé títí ayé.” Wọ́n ní kí ó gbé ìkọ́kọrẹ́ àwọn wá.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ Waliyah ọmọ-ọmọ wọn ní ọdún 2007. Rọ̀kíbátù gba máìkì, ó ní, “Alàájì Gbàgbé, ẹ má gbàgbé pé èmi ni mo bí bàbá ọmọ yìí fún yín o.” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Alàájì náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Alàájì yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun Rọ̀kíbátù láti ọjọ́ mẹ́jọ tí Alàájì ti kú yìí, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ọ̀fun náà mọ̀ pé kì í kọ oúnjẹ.

Alàájì jáde láyé ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2009, ní ilé Mùlíkátù ọmọ wọn ní Ìtámágà, Ìkòròdú. Wọ́n fi Rọ̀kíbátù sílẹ̀ lọ, àti àwọn ọmọ mẹ́rin: Mùlíkátù, Abdulrahman, Ṣẹ̀rífátù àti Láńre, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, Waliyah sì wà lára wọn, àti àbúrò kan ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n sì fi Ìdí-Ọ̀sàn sílẹ̀, níbi tí a ṣì ti ń pọn omi odò.

Ìdílé Sàlàkọ́ ń fi ìtìjú bẹ ìlú méjèèjìlá. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́, Rọ̀kíbátù ní tòun wà nílẹ̀, ó sì fẹ̀ tó láti gbà á.

Ẹ sùn re, Alàájì. Kí Ọlọ́hun fẹ sàréè fún yín, kí ó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Bí àwọn màláíkà bá bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ rán ìyàwó yín, ẹ má bò ó mọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí.