Eyín Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Doyinsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ulé yìí á máa mú ọ lọ, á máa mú ọ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò níí kọ. Ara àwa náà le, ìyá rẹ ń kí ọ, a ti ń wa uṣu.

Mo rí i pé o pè mí títí lọ́sẹ̀ yìí, n kò gbé e. Má bínú, ojú ló ń tì mí. Eyín àtọwọ́dá tí o mú mi lọ ṣe ní Èkó ló fà á. Ó wuyì o, mo tún ń jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ohùn mi kì í ṣe ohùn mi mọ́. Ó ń súfèé nínú ọ̀rọ̀, bí mo bá fẹ́ sọ "sí", "ṣí" ló ń bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo ka Bíbélì, bí mo ti ń kà á láti ọdún méjìlélógún. Ibi tí Pétérù ti sẹ́ Jésù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Yéè! Mo la ẹnu, mo ní Pétérù ṣẹ́ Jésù bí ẹni ṣẹ́ igi, ó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí a jáde, Ládépọ̀, tíṣà àwọn ọmọdé, bi mí pé apá ni àbí ẹsẹ̀ ni Pétérù ṣẹ́. Ilẹ̀ ì bá lanu, mi ì bá wọlẹ̀.

Mo ti mọ ohun tó fà á. Fóònù tí o rà fún mi, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ kí o tó yí i sí Yorùbá? Àwọn dókítà yẹn gbàgbé láti yí eyín mi ni. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn, Yorùbá ti Ìkẹ́rẹ́ wa ni kí wọ́n fi sí i o, kì í ṣe ti Adó. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi eyín náà rán awakọ̀ sí ọ.

Ìdána rẹ lóṣù tó ń bọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi ni mo máa fà ọ́ lé àwọn àna lọ́wọ́. Lánàá, mo dúró níwájú dígí, mo pe orúkọ rẹ. Doyinṣọ́lá ló jáde. Mo pè é títí, ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń pè. Mo yọ eyín náà, mo tún pè é, Doyinsọ́lá jáde, bí mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Omi bọ́ lójú mi.

Bí wọn kò bá rí i yí kó tó dọjọ́ náà, dákun, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ bí mo bá yọ ọ́ sápò níwájú àna. Kí wọ́n fi èrìgì mi rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n fa ọmọ tí n kò bí lé wọn lọ́wọ́.

Ulé ọkọ á tù ọ́ lára. Kò níí sú ọ. Sú ni mo kọ o, kì í ṣe ṣú.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúnyẹmí