Ìbọ̀sẹ̀ Ọwọ́ Nàfísátù

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ara gbogbo wa le ní àdúgbò Mamobi níbí.

Ẹ béèrè ìdí tí Nàfísátù fi wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ nínú fọ́tò. Òtútù ni o, ẹ má mikàn.

Àléfọ́ ara rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó nílé bi mí bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń ṣeré. Mo ní ó ń ṣeré. Ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ aṣọ ọmọ. Ó wá béèrè ohun tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn tí ẹ fi ránṣẹ́ hàn án. Mo ní bí ẹ ṣe wẹ gbogbo wa nìyẹn, tí ẹ ń fi ha wá lára títí ara á fi máa dán.

Ó ní, “Màmá Nàfísátù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọwọ́ lásán ni kí ẹ máa fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìpara pa á lára kí omi tó gbẹ.”

Ọṣẹ yín dára, Màámi. Èmi ni mò ń fi wẹ̀ báyìí. Ẹ má tíì fi òmíràn ránṣẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Nàfísátù náà kí yín. Mo ní kó juwọ́ sí yín, ó ní kí n kọ́kọ́ tú okùn tí mo fi so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ kí òun má baà họra.

Ọmọ yín,
Raqeebah