Ẹni Tó Ni Gáùn Ẹlẹ́yẹ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Mo rí i lónìí. Inú ìwé ìròyìn, ojú ewé tàwọn obìnrin, àwòrán tó gba ìdajì ojú ewé. Gáùn mi. Gáùn aláwọ̀ aró, etí rẹ̀ dé agbedeméjì ojúgun, apá rẹ̀ dé ìgúnpá, ẹyẹ funfun kéékèèké jókòó sórí wáyà káàkiri ara rẹ̀. Ọ̀gá mi ló wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló ya àwọn ẹyẹ náà, òun ló gé e, òun ló rán an, pé inú ọkàn òun ló ti wá.

Ọkàn. Obìnrin tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Láti òní lọ, Abẹ́rẹ́-Ò-Gún-Un lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, Màdáámù ni mo ń pè é.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gé aṣọ fún un. Kí n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì gígùn, kí n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i, kí n gé e. Àwọn yòókù á wá rán an. Gáùn yìí, ilé ìyá mi ni mo ti yà á, sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí mo ń wo àwọn ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná níta. Mo dà á kọ sórí bébà, mo mú un lọ hàn án nínú oṣù kejì. Ó ní kò burú. Ó ní kí n fi sílẹ̀ kí òun tún un wò.

Ó tún un wò lóòótọ́. Ó ní kí n gé ẹyọ kan fún òun, mo fi inú kan gé e.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo bi í. Mo rọra bi í ni, ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́yìn. Mo ní, "Màdáámù, mo rí àwòrán yẹn. Wọn ò dárúkọ mi níbẹ̀."

Ó ń mu tíì. Kò gbójú sókè. Ó ní ta ló ni ilé iṣẹ́, ta ló ni tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má ṣe bí ọmọdé, pé bí ó bá dáa fún òun, gbogbo wa ló dáa fún.

Mo ní ẹ ṣé, Mà.

Ẹ ṣé. Ẹnu èmi náà ló sọ ọ́. Mo délé, mo fọ ẹnu ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìyá mi rí ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó fi ìka tẹ àwòrán náà: "Ṣebí ẹyẹ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà nìyí?" Mo fò dìde. Mo ní níbo ni kàlẹ́ńdà náà wà. Ó ní òun ti fi dáná látọjọ́ tó ti pẹ́, pé ọdún tó ti kọjá, kí lòun fẹ́ fi oṣù inú rẹ̀ ṣe.

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹ̀rí mọ́ àfi bébà tó wà lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. N ò tiẹ̀ lè bínú sí ìyá mi. Ìbínú mi ti ní olówó orí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Oníṣọ́ọ̀bù wá. Ọkùnrin gíga kan tó ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ alájà mẹ́ta láàárín ìlú, ẹni tó jẹ́ pé bó bá gba aṣọ ènìyàn, orúkọ onítọ̀hún ti délé gbogbo. Ogójì gáùn ẹlẹ́yẹ ló fẹ́. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, àwọn obìnrin á wọ̀ ọ́ rìn níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n Alápá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni àgbà inú wa. Apá aṣọ nìkan ló máa ń rán, òun ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún kejìlélógún rẹ̀ nìyí nídìí máṣíìnì kan náà, orúnkún rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Tìẹ ni, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ká tiẹ̀ máa rọra pè é, pé ẹni tó bá gbọ́ "ẹlẹ́yẹ, ẹlẹ́yẹ" lẹ́nu wa á rò pé ìpàdé àjẹ́ la ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Kí n kọ ọ́ síbí, kó má baà ṣe mí bí àlá. Gáùn tó wà nínú àwòrán, ó péye, torí ẹ̀mí rere ni mo fi gé ìyẹn. Ogójì yìí, mo dín ẹ̀yìn wọn kù ní íǹṣì kan ààbọ̀, mo sì ṣe ihò apá wọn kéré. Ojú lásán ò lè rí i. Bí obìnrin bá wọ̀ ọ́ tó dúró jẹ́ẹ́, á bá a mu bí awọ ara rẹ̀. Kó ṣáà ti gbé ọwọ́ sókè tún irun ṣe. Ẹ̀yìn èjìká, fàà.

Ìwọ lo gé e, àbí? Ìwọ lo rán an? Wá sọ ohun tó dé fún wọn nígbà náà. Obìnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò apá àti ihò ọrùn.

Mo ń kọrin lábẹ́nu bí mo ṣe ń gé e.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Akọ̀ròyìn rédíò kan wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ibi tábìlì ni mo wà, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ilé ìyá òun, òun ń wo àwọn ẹyẹ orí wáyà iná.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó gba aṣọ, kò tó o. Ó tún gba fèrèsé, ó gba ìyá mi mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án yìí mo gé méjìlá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ogójì pé. Mo kó wọn fún àwọn tó ń rán an.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyá mi ní ojú mi ń dán, pé ṣé mo ti rí ọkọ ni. Mo ní rárá o, iṣẹ́ ló ń lọ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Obìnrin mẹ́fà ló wọ̀ ọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́, gáùn ń fì lẹ́bàá ojúgun wọn, àwọn ẹyẹ ń fì pẹ̀lú rẹ̀. Ó lẹ́wà. Èmi wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ń fi háńgà kọ́ aṣọ sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo ṣe. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lágbára.

Ìkẹrin ló gbé ọwọ́ sókè láti kí ẹnì kan tó mọ̀. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Fàà.

Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìkarùn-ún fẹ́ fi bí aṣọ ṣe fẹ̀ hàn, ó na apá méjèèjì. Tirẹ̀ ya ní méjì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Oníṣọ́ọ̀bù rìn lọ bá a, ó fi ìka kan gbé ibi tó ya sókè, ó yíjú sí Abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gé e?"

Abẹ́rẹ́ sáré bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo èjìká obìnrin náà. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

Ó dùn. N ò ní purọ́ fún ìwé yìí. Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Gbogbo ogójì ti padà wá. Wọ́n kó wọn dà sórí tábìlì mi bí aṣọ òkú.

Abẹ́rẹ́ pe gbogbo wa jọ. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó ya, ó fi hàn wá, ó ní níbo nìyí. Ó ní, "Ìdí apá ni. Ta ló ń rán apá níbí?"

Mo ti mọ̀ pé kò mọ aṣọ. Orí àìmọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́ gbogbo ètò mi lé. N ò ronú dé ibi tí àìmọ̀ náà á tẹ̀ sí. Bí aṣọ bá ya lẹ́bàá apá, lójú ẹni tí kò mọ̀, alápá ló jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n Alápá wò mí, ó dìde. Orúnkún yẹn, ó pẹ́ kó tó nà tán. Abẹ́rẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀ ti di ti arúgbó, pé kó kó ẹrù rẹ̀, kó má padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọdún méjìlélógún. Ẹ̀gbọ́n Alápá tún wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pa á dé, ó kó tìmútìmù ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

Èmi ń wo ilẹ̀. Òwú pupa kan wà nílẹ̀, òwú funfun mẹ́ta.

N ó sọ ọ́ lọ́la, mo wí nínú ara mi. Bí ojú gbogbo ènìyàn bá ti kúrò níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

N ò sọ ọ́. Adìẹ bà lókùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ sílé rẹ̀. Yàrá kan àti ibi ìdáná, lókè ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, aṣọ inura tó fi omi gbígbóná rẹ wà lórí orúnkún rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: íǹṣì kan ààbọ̀, ihò apá, ìdí tí mo fi ṣe é. Mo ń sunkún, ẹkún náà tún ń tì mí lójú.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní ẹ mọ kí ni.

Ó ní, "Látorí ẹ̀kẹta. O rò pé mo lè rán apá fọ́dún méjìlélógún kí n má mọ ihò tó kéré?"

Mo ní kí ló dé tí ẹ fi rán an nígbà náà.

Ó tún aṣọ orí orúnkún ṣe. Ó ní nítorí òun rò pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó ní òun náà ti rí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó sì wu òun kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó wá gbé ojú sókè wò mí. Ohùn rẹ̀ ò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Nígbà tó ní ta ló ń rán apá, mo wò ọ́, àbúrò mi. Ara mi balẹ̀. Mo ní o ò ní jẹ́ kó dé orí mi."

Kò lé mi. Kò bú mi. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó bu omi fún mi. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo sọ ọ́. Lójú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Mo ní èmi ni mo dín ẹ̀yìn gáùn kù, Ẹ̀gbọ́n Alápá ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ṣe é ni pé èmi ni mo ya gáùn náà, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé gbólóhùn yẹn kiri. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, ilé á mì.

Abẹ́rẹ́ wò mí títí. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń là díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó ba ogójì aṣọ jẹ́ ló ń sọ pé òun ló ni aṣọ." Àwọn kan wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Níwájú mi ló ti gbé fóònù pe Oníṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé ìlara òṣìṣẹ́ kan ló fà á, òun ti mú un, iṣẹ́ òun ò lábùkù. Ó tẹ́tí sí i. Ó ní ẹ ṣé, ogójì mìíràn ò le. Ọ̀rọ̀ tó fi wẹ ara rẹ̀ mọ́, ẹnu mi ló ti gbà á. Èyí náà tún ni.

Ó ní kí n máa lọ, kí n fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Mo fi sílẹ̀. Mo ní kó pe Ẹ̀gbọ́n Alápá padà níṣojú mi kí n tó lọ. Ó pè é. Ta ló tún fẹ́ rán an fún un?

Mo ti wà nílé láti ọ̀sán. Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo rò pé á ti lọ, kò lọ, ó kàn ti ní èkejì, tèmi sí ara mi. Ìyá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí. N ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Alápá á wọlé lọ́la. Àwọn gáùn ẹlẹ́yẹ tuntun ló máa kọ́kọ́ bá nídìí máṣíìnì rẹ̀. Ẹlòmíràn ló máa gé wọn, á fi bébà mi gé wọn, ihò apá wọn á sì tó. Àwọn obìnrin á gbé ọwọ́ sókè, kò sóhun tó máa ya.

Wọ́n á lẹ́wà. Mo mọ̀, torí èmi ni mo yà wọ́n.