Alàgbà Jùwọ́nlọ Ọlọ́runfẹ́mi: Káfíńtà Tó Fi Àṣìṣe Ara Rẹ̀ Ránṣẹ́ sí Ìwé Ìròyìn

Ààyè-Èkìtì ni a bí Alàgbà Jùwọ́nlọ Ọlọ́runfẹ́mi sí, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1948. Bàbá tó bí wọn ni Pa Àrẹ̀mú Ọlọ́runfẹ́mi, àgbẹ̀ oníṣu tí ebè rẹ̀ ga ju ti gbogbo aládùúgbò lọ. Ìyá wọn ni Màmá Àbẹ̀ní, ọmọ bíbí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Bàbá wa ni ọmọ karùn-ún nínú ọmọ méje. Màmá Àbẹ̀ní a máa sọ pé ọmọ náà kò tíì mọ ìrìn rìn tó fi ń fi òkúta kan igi mọ́lẹ̀. Àwa ọmọ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbà wọ́n gbọ́.

Ọdún 1955 ni wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Áńgílíkà ní Ààyè, wọ́n sì jáde ní 1961. Ìṣirò kò ni wọ́n lára rárá. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkàn wọn fà sí, nítorí náà ni bàbá wọn ṣe mú wọn lọ sí Ìkọ̀lé ní 1963, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Adédèjì, káfíńtà kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ọ̀gá yìí ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa: igi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí o bá ti gé e kúrú, kúnlẹ̀ kí o sunkún, kò ní gùn sí i. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù ní 1968, wọ́n sì padà sí Ààyè láti dá dúró.

Ní ọdún 1974 ni ilé ìwé kan ní Ọyẹ́-Èkìtì pè wọ́n láti ṣe ẹsẹ̀ tí a ń gbé pátákó ìkọ̀wé lé. Tíṣà tó ni kíláàsì náà ni Omidan Florence Fọlákẹ́. Bàbá wa padà lọ tún ẹsẹ̀ pátákó yìí ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, tíṣà béèrè bóyá pátákó ni wọ́n wá wò tàbí òun. Oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin dá wọn lọ́lá.

Iṣẹ́ Bàbá wa pọ̀ láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó: ibùsùn, àpótí aṣọ, àga ìwàásù, àti òrùlé ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ baba ìjọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọn kì í sì í pẹ́ dé ìsìn àyàfi bí ilẹ̀kùn ẹnìkan lójú ọ̀nà bá ń ké, tí wọ́n sì yà wò ó.

Ọdún 2004 ni ohun tí a fẹ́ sọ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, *Pákó àti Ìṣó*. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, olóòtú máa ń kọ bí òǹkàwé ṣe lè dá sí i: kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi àwòrán iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́, kí ó béèrè ohun tó rú u lójú, kí ó dáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn, kí ó sọ ọgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í ka ojú ewé náà. Bàbá wa kà á bí ẹni ka àṣẹ ìjọba.

Wọ́n fi àwòrán àga ìwàásù ránṣẹ́. Ewúrẹ́ kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀, olóòtú sì tẹ̀ ẹ́ jáde tewúrẹ́tewúrẹ́. Wọ́n kọ̀wé pé kí a máa fi ọṣẹ pa ìṣó lára kí a tó kàn án mọ́ igi líle, kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́. Káfíńtà kan ní Ìdó-Èkìtì, Ọ̀gbẹ́ni Dàda, fèsì pé ọ̀lẹ ló ń fi ọṣẹ pa ìṣó lára. Ọdún méje ni àwọn méjèèjì fi bá ara wọn jà nínú ìwé ìròyìn yìí láìfojú kan ara wọn rí, àfi bí ẹni pé òkun ló wà láàrin Ààyè àti Ìdó. Màmá wa ló ń da lẹ́tà gbogbo kọ, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá dà bí ẹsẹ̀ adìẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, Màmá á mú un rọ̀ lójú ìwé, wọn kò ní sọ fún Bàbá.

Ohun kan ṣoṣo wà lójú ewé náà tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́ rí. Olóòtú máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òǹkàwé kọ àṣìṣe tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Àyè yẹn a máa ṣófo ni. Káfíńtà wo ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn ìyá ìjọ gbé iṣẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn wọn fún Bàbá wa. Ẹ̀yin tó ti kọ́lé rí mọ ọjọ́ ìkanlé. Káfíńtà á gun òkè, á fi hámà lu igi kọ̀ọ́kọ̀ọ́, á ní ìṣó kò wọlé, kò sì ní wọlé títí onílé yóò fi gbé oúnjẹ dé. Àwọn ìyá ìjọ gbé iyán dé pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Bàbá àti àwọn mẹ́ta tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n tún gòkè lọ kan páànù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n ti kan àjà pa, Bàbá rí igi mẹ́rin, igi apá líle, tó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Igi tí wọ́n fúnra wọn gé ni, láti fi de òrùlé náà ní apá ìlà oòrùn kí ìjì má baà tì í. Iyán ló mú kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

A fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín: Bàbá wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi pa á mọ́. Màmá fẹ́ fi igi náà ṣe pẹpẹ ilé ìdáná, Bàbá ní rárá. Wọn kì í sùn dáadáa bí òjò bá ṣú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì gbé e fún Màmá láti dà á kọ: “Orúkọ mi ni Jùwọ́nlọ Ọlọ́runfẹ́mi, káfíńtà ní Ààyè-Èkìtì. Èmi ni mo kan òrùlé gbọ̀ngàn àwọn ìyá ìjọ wa láìfi igi mẹ́rin sí i, nítorí pé iyán ti dé.”

Màmá wa ni akọ̀wé àwọn ìyá ìjọ. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣèpàdé, apá ìlà oòrùn ni àga Màmá sì wà. Wọ́n ju bírò sílẹ̀. “Bàbá Níyì, abẹ́ ulé yìí ni mo ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí?” Màmá ní àwọn ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí olóòtú títí àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ yóò fi kọ́kọ́ gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ìyá ìjọ ti ṣèpàdé lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá sì tú àjà, wọ́n fi igi mẹ́rin náà sí àyè wọn. Ìgbà yẹn ni Màmá tó da lẹ́tà náà kọ, wọn kò sì mú ọ̀rọ̀ kankan rọ̀.

Ẹgbẹ́ gbọ́ kí ìwé tó jáde. Bàbá wa ni alága ẹgbẹ́ nígbà náà. Ní ìpàdé Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Bàbá ti tú àṣírí iṣẹ́, kí a yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá. Ọ̀gbẹ́ni Dàda wá láti Ìdó, gbogbo ilé sì ń retí pé yóò jó lórí òkú ọ̀tá rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun náà ní òrùlé méjì bẹ́ẹ̀ ní Ìdó, òun ò sì ní ìgboyà tí ọkùnrin yìí ní. Ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. Ẹgbẹ́ gba ipò alága lọ́wọ́ Bàbá fún ọdún kan, ṣùgbọ́n wọn kò yọ orúkọ wọn. Onílé kan ní Ọyẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Bàbá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò dùn wọ́n, irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn sí wa létí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé jáde, lẹ́tà mẹ́tàdínlógún dé ọ́fíìsì olóòtú. Káfíńtà mẹ́tàdínlógún kọ orúkọ ara wọn àti ilé tí wọ́n ti padà lọ tún ṣe. Láti ọdún náà, òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ jẹun lọ́jọ́ ìkanlé títí wọn yóò fi ka igi òrùlé, tí yóò sì pé. Ọ̀gbẹ́ni Dàda di ọ̀rẹ́ ilé wa, ó sì ń bú ọṣẹ lórí ìṣó títí di òní.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni Bàbá wa sùn nílé, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi sílẹ̀ láyé Màmá Florence, aya wọn. Níyì, tó jogún ṣọ́ọ̀bù. Motúnráyọ̀, nọ́ọ̀sì ní Ìdó. Gbọ́láhàn, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ọyẹ́. Olúṣẹ́gun, àgbẹ̀ ní Ààyè. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, tí Dára jẹ́ àgbà wọn, tí Olúwafẹ́rànmí sì jẹ́ àbíkẹ́yìn. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a fo ọ̀rọ̀ òrùlé, pé a kì í ka ẹ̀bi òkú lójú òkú. Màmá ní bí a bá fò ó, ìtàn ẹlòmíràn ni a kọ.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbí, olóòtú ṣì ń retí lẹ́tà yín. Lẹ́yìn ìsìn, gbọ̀ngàn àwọn ìyá ìjọ ni a ó ti jẹun. Ẹ gbójú sókè ní apá ìlà oòrùn: àwọn ìyá ìjọ kò gbà kí a kan àjà padà síbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí igi náà. Lára igi àkọ́kọ́, ẹ ó rí ohun tí Bàbá wa fi pẹ́ńsù kọ: “Èmi ni mo gbàgbé yín. Èmi náà ni mo dá yín padà.”

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ báyìí. A ti ka igi, ó pé.